Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀, ọmọ mẹ́ruwà nìkan ló kan ilẹ̀kùn mi

Ọmọ_Ọlọ́mù
Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ yìí ò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ọmọ Ọmù-Àrán ni mí, ọmọ ọdún 34. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ìlọrin, ọdún kẹrin rèé tí mo ti gba yàrá kan ní Fátẹ̀. Ilé náà mọ́, ó ní ògiri, ó ní géètì. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú ilẹ̀kùn tiẹ̀ àti mítà iná tiẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni ibà kì mí mọ́lẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń gbé oògùn mì sí kó tó jáde o. Eyín ń lu eyín, gbogbo oríkèé ara mi ń dùn mí. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ síbi iṣẹ́, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún mi lálàáfíà, ó tán síbẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ibà yìí fẹ́ gbé mi lọ. Èèyàn 83 ló wò ó. Mẹ́rin nínú wọn fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mò ń gbọ́ ìró bàtà àwọn ará ilé lẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń gbọ́ òórùn ẹ̀yin tí ẹnì kan ń dín. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, omi inú ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tán, mi ò sì lè dìde lọ bu òmíràn.

Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń ti ọmọlanke omi wá sí àdúgbò wa, mẹ́ruwà. Ọmọ Hausa ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ló máa ń pọn omi fún mi, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Mo máa ń tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà, á rọ omi sí wọn, màá san owó, a ò sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kẹ́ẹ̀gì ò sí níta. Lọ́jọ́bọ̀, kò tún sí níta. Ó bá kan ilẹ̀kùn. Mi ò dáhùn, ó tún kàn án. Ó ní, "Ọ̀gá, kẹ́ẹ̀gì ò jáde. Ọjọ́ kejì rèé. Ṣé kò sí?"

Ìyẹn ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni sọ sí mi lójúkojú láti ọjọ́ Ajé. Mo fà dé ibi ilẹ̀kùn, mo ṣí i. Ó wo ojú mi, ó fi ọmọlanke rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo omi tó wà lórí rẹ̀, ó lọ gba ògì gbígbóná lọ́wọ́ ìyá tó wà ní kọ́nà, ó sì pe onísọ́ọ̀bù oògùn wá bá mi.

Ara mi ti yá báyìí, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè sùn dáadáa, nítorí ìrònú. Orúkọ tó wà nínú fóònù mi lé ní 700. Mi ò mọ orúkọ ọmọ yẹn. Báwo la ṣe dé ibí yìí? Kí sì ni ẹ̀yin ń ṣe sí i?

---

Àlájà_Alátẹ
Ọjọ́ Àìkú, 9:15 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ara á le, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ṣé o ti ń jẹun? Má tíì sáré padà síbi iṣẹ́ bí ara ò bá tíì gbé e o.

Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè bí ìyá. Nígbà tó o kó dé ilé yẹn, ṣé o lọ kí àwọn tó o bá níbẹ̀? Mi ò bá ọ wí. Mo bèèrè torí pé ọmọ tèmi náà kó lọ sí Abẹ́òkúta, oṣù kẹfà tó dé ibẹ̀ ni mo bi í ní orúkọ aládùúgbò rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀.

Ata gbígbẹ ni mò ń tà ní ọjà Ìpàtà, ó ti lé ní ogún ọdún. Bí mi ò bá tíì dé ìsọ̀ títí aago mẹ́sàn-án, ẹni tó máa kọ́kọ́ mọ̀ kì í ṣe ọmọ mi. Alájọ ni. Ojoojúmọ́ ló ń wá gba 500 náírà lọ́wọ́ mi, á fàmì sí káàdì. Lọ́dún tó kọjá tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá mi dùbúlẹ̀, òun ló lọ bá àwọn tá a jọ ń tà pé, "Àlájà ò wá lánàá, wọn ò wá lónìí, wọn kì í sì í jẹ́ kí káàdì wọn ṣófo." Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, obìnrin mẹ́rin ti jókòó sórí ẹní mi, ọ̀kan ń po ẹ̀kọ, ọ̀kan ń fọ aṣọ. Àsàlátù wa náà bẹ́ẹ̀ ni, bó o bá pa á jẹ lọ́jọ́ Àìkú méjì léraléra, wọ́n ń bọ̀ nílé, wọn ò ní bèèrè àyè lọ́wọ́ rẹ.

Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé mẹ́ruwà ni. Ẹni tó ní nǹkan kékeré láti bá ọ ṣe lójoojúmọ́ ló ń mọ̀ bí o ò bá sí. Láyé ìyá mi, iná là ń lọ fọ̀n nílé aládùúgbò láàárọ̀, kànga kan la jọ ń pọn. Ẹni tí kò wá fọnná lónìí, wọ́n á ní kí ọmọdé lọ wò ó. Báyìí, kálukú ló ní gáàsì, kálukú ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sẹ́yìn ògiri rẹ̀. Ó dẹ̀ wá lára lóòótọ́. Mi ò sì ní pọn omi kànga mọ́ láé. Àmọ́ nǹkan kan bá a lọ.

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ọjọ́ Àìkú, 11:52 alẹ́

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà tí mò ń ka èyí, omi bọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi ń rí. Ìtọ́jú tiwa níbí, ó gbà pé aláìsàn ní ènìyàn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sanwó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbi àyẹ̀wò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sáré jáde lọ ra oògùn tí a ò ní. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé bàbá kan dé lóru, á tó ẹni àádọ́ta ọdún, aṣọ gidi lọ́rùn, fóònù gidi lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, ta ni ká pè fún yín?" Wọ́n mú fóònù, wọ́n ń yí orúkọ sókè, wọ́n ń yí i sísàlẹ̀. Iná ojú fóònù kú, wọ́n tún tàn án. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó yá wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi yan ẹnikẹ́ni."

Mi ò lè gbàgbé ohùn yẹn.

Àwa máa ń sọ pé òyìnbó ló ń dá wà, pé tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé ìròyìn jáde pé ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ni àdáwà ń bá jà, pé òun ló sì wà nídìí ikú tó lé ní 871,000 lọ́dún, bí 100 ní wákàtí kan. Àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, gbogbo rẹ̀ ni àdáwà ń dá kún. Ibi tó dá mi dúró nínú ìròyìn náà ni pé láwọn orílẹ̀-èdè tálákà, bí 24 nínú 100 ló sọ pé àwọn ń dá wà. Láwọn ilẹ̀ olówó, 11 ni. Àwọn ọ̀dọ́ ló sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe arúgbó.

Ọmọ Ọlọ́mù, ẹ sùn o. Ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yá nílò ìsinmi.

---

Ará_Àdéwọlé
Ọjọ́ Ajé, 6:30 àárọ̀

Ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ sọ apá kejì.

Ilé alájọgbé ni wọ́n bí mi sí, yàrá mẹ́wàá, ilé ìwẹ̀ kan. Gbogbo ilé ló mọ iye ẹran tó wà nínú ìkòkò wa. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, ilé ti mọ̀ kí ìyá mi tó mọ̀, wọ́n sì fi kọrin. Nígbà tí mo kọ́ ilé tèmi, mo mọ ògiri rẹ̀ ga, mo sì sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Olè ti wọlé wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ ọ́n. Mi ò kábàámọ̀ ògiri yẹn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ni owó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Gánmọ̀, kò jìnnà. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, epo bẹtiróò ò tó 200 náírà, ọjọ́ Àìkú kan kì í kọjá kí n má yà níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti lé ní 480, kò sì dúró síbẹ̀. Èèyàn ò sì lè lọ lọ́wọ́ òfo, ó kéré tán á ra búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n mi náà ò ní fi omi lásán gbà mí lálejò, á fẹ́ dáná. Mo wá ń rò ó pé ìbẹ̀wò mi ń ná òun náà lówó. Bí mo ṣe dín in kù nìyẹn, tí mo ń fi fóònù kí i. Kì í ṣe ìkórìíra. Ojú ló ń ti àwa méjèèjì.

---

Ìyàwó_Pàkátà
Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Ará Àdéwọlé, òótọ́ lẹ sọ. Mo fẹ́ fi tèmi kún un, torí ó dà bíi pé gbogbo èèyàn rò pé agbo ilé ni oògùn.

Ọmọ Ìgbájà ni mí. Pàkátà ni wọ́n fẹ́ mi sí, agbo ilé tí àwa tí à ń gbé ibẹ̀ lé ní ogójì. Èèyàn ò lè dá wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Síbẹ̀, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, mi ò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. "Ìyàwó, gbálẹ̀." "Ìyàwó, pọnmi." "Ìyàwó, ẹ kú iṣẹ́." Wọn ò ṣe mí níkà o. Kò kàn sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́. Ọkọ mi ń wakọ̀ lọ sí Kánò, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo fi ń rí i. Lọ́jọ́ Iléyá kan, gbogbo ilé ń múra láti lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin, ìlù ń dún, ọmọdé ń sáré kiri pẹ̀lú aṣọ tuntun. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kó máa ró, mo sunkún.

Ẹni tó yọ mí ni ìyá àgbà kan nínú ilé, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ṣa ẹ̀wà. Àwa méjèèjì jókòó ti àtẹ kan. Wọ́n ń fi ìka wá òkúta, èmi ń fi ojú wá a. Ó pẹ́ tá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wá ní, "Kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé yín?"

Ẹ̀yin ará, ọdún mẹ́ta. Mo dárúkọ mi, ó ṣe mí bíi pé orúkọ ẹlòmíì ni. Wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀mejì kó má baà bọ́ lẹ́nu wọn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń lọ bá wọn, yálà ẹ̀wà wà tàbí kò sí, títí tí wọ́n fi papò dà. Kì í ṣe iye èèyàn tó yí mi ká ló yí padà.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Tánkẹ̀
Ọjọ́ Ajé, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Àwa mẹ́rin la wà ní yàrá kan, kálukú fi nǹkan dí etí. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì máa ń fi WhatsApp bi mí bóyá mo ti jẹun. Alẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ tí fóònù gbogbo wa kú nìkan la máa ń jáde sí bàkónì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìyá ọ̀kan nínú wọn ti kú láti ìgbà tá a wọlé, kò sọ fún wa. Ó ti tó oṣù mẹ́rin.

---

Tíṣà_Ìyẹ̀rú
Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀fà ni mo wà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ ọdún 76 ni mí. Ọmọ ọmọ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé síbí, ẹ fojú fo àṣìṣe mi.

Yàrá mẹ́sàn-án ló wà nílé mi. Nígbà tí mo ń kọ́ ọ, mo ka orí àwọn ọmọ, mo fi ti àlejò kún un. Ìyàwó mi re ibi àgbà ń rè lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Àwọn ọmọ wà ní Kánádà àti Èkó. Wọ́n ń tọ́jú mi, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Owó ń wọlé lóṣooṣù, wọ́n sì ń pè mí lójoojúmọ́, mo ń rí ojú wọn nínú fóònù. "Bàbá, ṣé ẹ ti lo oògùn?" "Bàbá, báwo ni ẹ̀jẹ̀ ríru?" "Bàbá, ṣé ẹ jẹun?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó parí. Èmi tí gbogbo àdúgbò ń wá bá láti ka lẹ́tà fún wọn, láti bá wọn parí ìjà ilẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi mí ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Kí wọ́n tó gbé GSM dé lọ́dún 2001, ẹsẹ̀ la fi ń pe ara wa. Èèyàn á kàn yọ lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó mi á fi omi kún àmàlà. Lónìí, ẹni tí kò pè kó tó wá, wọ́n á ní kò mọ̀wà hù. Èmi náà ti ń pè kí n tó lọ, bẹ́ẹ̀ bí mo bá pè tán, ọ̀rọ̀ ti tán, mi ò lọ mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ta ayò láti ọdún 1988 kú nínú ọyẹ́ tó kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta á fúnra mi, ọwọ́ ọ̀tún bá ọwọ́ òsì ta á. Òsì máa ń jẹ ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Lóṣù tó kọjá ni ọpọ́n yí lórí itan mi, ọmọ ayò fọ́n ká. Mo ṣà wọ́n, wọ́n jẹ́ 46. Méjì tó kù ti yí wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, mò ń fi tọ́ọ̀ṣì rí wọn, ìbàdí mi ò kàn jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ débẹ̀. Mo ti gbé ọpọ́n náà kọ́ ògiri.

Mi ò kọ èyí kí ẹ lè káàánú mi. Àlájà tó ń ta ata ló sọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára, pé ẹni tó ní nǹkan kékeré láti bá ọ ṣe. Kò sẹ́ni tó ní nǹkan láti gbà lọ́wọ́ mi mọ́. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

---

Ìgbómìnà_Òkè_Òkun
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:10 òru

Manchester ni mo wà. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀ràn ìjọba níbí: lọ́dún 2018 ni wọ́n yan mínísítà fún ìdáwà, Japan náà sì yan tiwọn lọ́dún 2021. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Mo ka ọ̀rọ̀ Tíṣà, mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè kà á tán. Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n kọ yẹn, ẹnu mi ni wọ́n ti yọ ọ́. Bàbá mi wà ní Èsìẹ́. Mo pè wọ́n lónìí, mi ò bèèrè oògùn. Ìjà kan wà láàárín èmi àti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo ti ń gbé e mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rò ó fún wọn, mo ní, "Bàbá, kí ni kí n ṣe?" Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí n dúró, kí àwọn wọ ẹ̀wù. Wákàtí kan ó lé díẹ̀ la fi sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ràn wọn dáa, òun ni màá tẹ̀ lé.

---

Ọmọ_Ọlọ́mù
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:15 alẹ́

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Àlájà, mò ń jẹun, mo sì dáhùn ìbéèrè yín: rárá, mi ò kí wọn.

Lónìí mo lọ kan ilẹ̀kùn tó kọjú sí tèmi. Mo nílò òòlù, pákó tí mo gbé ìwé lé ti já láti ìgbà òjò, mi ò sì ní. Ó ti tó ọdún méjì tí ọkùnrin yẹn ti ń gbé ibẹ̀. Ó fún mi ní òòlù, ó dúró síbẹ̀ ní tiẹ̀, kò pa ilẹ̀kùn dé. Ó wá ní, "Bọ̀dá, mo gbọ́ ìkérora yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo dé ẹnu ọ̀nà yín lálẹ́ Ọjọ́rú. Mo gbé ọwọ́ sókè pé kí n kàn án, mo wá rò ó pé mi ò mọ orúkọ yín, kí ni màá pè. Mo padà." Ojú rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì bó ṣe ń sọ ọ́. Ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn, kò tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Èmi náà ì bá padà, mo mọ̀. A jọ kan pákó náà mọ́ ògiri.

Mo ti mọ orúkọ mẹ́ruwà mi báyìí. Kàtsínà ló ti wá, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó jókòó mu omi tútù lọ́dọ̀ mi kó tó máa ti ọmọlanke rẹ̀ lọ.

Tíṣà, ẹ kú alẹ́ sà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ mò ń lọ sílé ní Ọmù-Àrán. Tí mo bá dé Àjàṣẹ́-Ìpo, màá yà sọ́nà Ọ̀fà kí n tó máa bá tèmi lọ, bí ẹ bá gbà mí láyè. Mo mọ ayò ta díẹ̀, bàbá bàbá mi ló kọ́ mi. Màá ra ọmọ ayò méjì bọ̀ lọ́jà.

---

Tíṣà_Ìyẹ̀rú
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:31 alẹ́

Má ra ọmọ ayò wá. Àwọn méjì yẹn ṣì wà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwọ ni wàá bá mi bẹ̀rẹ̀ mú wọn.